Ẹsẹ̀ Tí Ń Jóni àti Ẹsẹ̀ Tí Ó Dákẹ́

Ẹ̀kọ́ oṣù yìí fún gbogbo ẹgbẹ́. Kí olórí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan jẹ́ kí a kà á sókè ní ìpàdé, kí a sì jíròrò lórí àwọn ìbéèrè tí ó wà ní ìparí.

Ẹ̀kọ́ wa lọ́tẹ̀ yìí kì í ṣe ti orin, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ti owó ìjọ. Ti ẹsẹ̀ ni. Bí ẹnikẹ́ni bá ń bi ara rẹ̀ léèrè pé kí ni akọ̀wé ìjọ mọ̀ nípa àìsàn, òótọ́ ni, èmi kì í ṣe dókítà. Ẹ̀kọ́ yìí kò sì lè gba ipò dókítà. Ṣùgbọ́n ọ̀ràn náà ti wọ inú ìjọ wa, ó ti mú nǹkan lọ lára ẹni tí gbogbo wa ń bọ̀wọ̀ fún, àwa tí a sì ń wò ó kò mọ ohun tí a ń wò. Ìdí rẹ̀ nìyí tí mo fi mú kálàmù.

BÀBÁ TÍ WỌ́N Ń BỌ́ BÀTÀ NÍNÚ ÌSÌN

Bàbá kan wà láàárín wa tí wọ́n ń ta aṣọ ní ọjà Kwari níhìn-ín ní Kano. Ó pẹ́ tí a ti ń rí i pé bí ìwàásù bá ti bẹ̀rẹ̀, Bàbá a rọra bọ́ bàtà wọn, wọn a sì gbé àtẹ́lẹsẹ̀ wọn méjèèjì lé sìmẹ́ǹtì tí ó tutù. Àwọn ọ̀dọ́ kan ń fi wọ́n ṣe ẹ̀fẹ̀. Àwọn àgbà kan ní àfojúdi ni. Kò sí ẹni tí ó sún mọ́ wọn láti béèrè pé, "Bàbá, kí ni ó ń ṣe yín?"

Ohun tí ó ń ṣe wọ́n nìyí, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti fi ẹnu ara wọn sọ ọ́ fún mi. Ní òru, bí wọ́n bá ti dùbúlẹ̀, àtẹ́lẹsẹ̀ wọn a bẹ̀rẹ̀ sí í jó wọn bí ẹni tí ó tẹ ẹ̀yinná mọ́lẹ̀. Nígbà mìíràn a dà bí ẹni pé a ń fi abẹ́rẹ́ gún wọn ní ọmọ ìka ẹsẹ̀. Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, ẹsẹ̀ náà a kú tipiri, wọn a sì rò pé àwọn wọ ìbọ̀sẹ̀ nígbà tí wọn kò wọ nǹkan kan. Aṣọ ìbora lásán tí ó bá kan ẹsẹ̀ wọn a di ìrora. Oorun kò sí. Bí ilẹ̀ bá mọ́, wọn a tún gba ìsọ̀ lọ.

Bàbá gbà pé ẹnì kan ni ó fi nǹkan sílẹ̀ fún àwọn ní ẹnu ìsọ̀, kí àwọn lè fẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́. Ẹni tí wọ́n fura sí ni ọmọ ìlú wọn kan, tí ìsọ̀ rẹ̀ fara kan tiwọn. Fún ọdún méjì gbáko wọn kò kí ara wọn, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń jókòó nínú ilé ìsìn kan náà. Kí èyí tó bẹ̀rẹ̀ ni dókítà kan ti sọ fún Bàbá pé ṣúgà ti pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀ wọn. Wọ́n lo oògùn fún oṣù mélòó kan, ara wọn yá, wọ́n sì dá a dúró. Wọn kò so ọ̀rọ̀ méjèèjì pọ̀, nítorí pé ẹ̀jẹ̀ ni dókítà wí, ẹsẹ̀ ni ó ń dun àwọn.

Nígbà tí ó yá, ẹsẹ̀ náà dẹ́kun jíjó. Inú Bàbá dùn. Wọ́n mú ọrẹ ọpẹ́ wá, èmi gan-an ni mo sì kọ ọ́ sínú ìwé ọpẹ́ pé, "fún ìwòsàn ẹsẹ̀." Gbogbo wa bá wọn jó. Kò tó oṣù méjì lẹ́yìn èyí, ọyẹ́ dé, ọyẹ́ Kano tí gbogbo wa mọ̀. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan Bàbá jókòó ti ìkòkò èédú láti yáná. Òórùn ni ọmọ wọn obìnrin gbọ́ láti ilé ìdáná. Ó rò pé ẹnì kan ń sun awọ ẹran. Nígbà tí ó jáde, ẹsẹ̀ Bàbá ni. Ìwé ìròyìn ni wọ́n ń kà lọ́wọ́, wọn kò mọ nǹkan kan.

Ọmọ ìka ẹsẹ̀ méjì ni wọ́n gé ní ilé ìwòsàn. Ẹni tí ó fi ọkọ̀ rẹ̀ gbé wọn lọ lóru ọjọ́ náà ni ẹni tí ìsọ̀ rẹ̀ fara kan tiwọn.

Bàbá ni ó ní kí n kọ ọ́ sínú ìwé wa, kí n má ṣáà dárúkọ àwọn. Wọ́n ní, "Akọ̀wé, ìgbà tí ó ń dùn mí, mo ń sá kiri. Ìgbà tí kò dùn mí mọ́ gan-an ni ó pa mí lára. Bá mi sọ fún wọn."

Ọ̀rọ̀ Bàbá yìí ni kókó ẹ̀kọ́ wa: ìrora tí ó dákẹ́ kì í fi gbogbo ìgbà jẹ́ ìwòsàn.

KÍ NI ÀRÙN NÁÀ?

Àwa ń pè é ní àtọ̀gbẹ tàbí ìtọ̀ ṣúgà. Àwọn Hausa tí a ń bá gbé ń pè é ní ciwon suga. Oúnjẹ tí a bá jẹ ń di ṣúgà nínú ẹ̀jẹ̀; èyí kò burú, nítorí òun ni agbára tí a fi ń ṣiṣẹ́. Ohun kan tí a ń pè ní ínsúlínì, tí ẹ̀yà ara kékeré kan lẹ́yìn àpò oúnjẹ ń pèsè, ni ó ń ṣí ilẹ̀kùn fún ṣúgà náà láti wọ inú ẹran ara. Bí ínsúlínì kò bá tó, tàbí bí ara kò bá dá a lóhùn mọ́, ṣúgà a kún inú ẹ̀jẹ̀, bí ẹrù tí ó kún ẹnu ọ̀nà ìsọ̀ tí kò rí ẹni gbé e wọlé.

Bí a bá wọn ẹ̀jẹ̀ ní òwúrọ̀ kí a tó fi ohunkóhun kan ẹnu, tí ó tó 126 mg/dl tàbí tí ó jù bẹ́ẹ̀ lọ, tí a sì tún un wọ̀n ní ọjọ́ mìíràn tí ó rí bákan náà, àtọ̀gbẹ ni. Ìwé ilé ìwòsàn mìíràn a máa kọ iye kan náà ní 7.0 mmol/l, kí ẹnikẹ́ni má ṣe rí 7 kí ó rò pé ó kéré. Àyẹ̀wò mìíràn wà tí a ń pè ní HbA1c. Èyí ń fi bí ṣúgà ti rí ní nǹkan bí oṣù mẹ́ta sẹ́yìn hàn. Ẹni tí ó fi ọjọ́ méjì péré ṣọ́ ẹnu kí ó tó lọ sí ilé ìwòsàn kò lè fi tan án jẹ. Bí ó bá tó 6.5 nínú ọgọ́rùn-ún, àtọ̀gbẹ ni.

Kí ẹnikẹ́ni má sì ṣe wí pé àrùn tí kò ní ìtọ́jú ni. Ní ọdún 1921 ni Banting àti Best ṣe àwárí ínsúlínì ní Toronto ní ilẹ̀ Kánádà, ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1922 ni wọ́n sì kọ́kọ́ fi gún ọmọdékùnrin kan tí àrùn náà ti sọ di egungun. Ṣáájú ìgbà náà, ọmọ tí irú àtọ̀gbẹ bẹ́ẹ̀ bá mú kì í pẹ́ kú. Lónìí àwọn ènìyàn ń bá a gbé títí wọ́n fi ń rí ọmọ ọmọ.

ÈÉṢE TÍ Ó FI JẸ́ ẸSẸ̀?

Ní èdè wa, iṣan ni a ń pe ọ̀nà tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà, iṣan náà ni a sì ń pe okùn tí ń gbé ìròyìn láti ara lọ sí ọpọlọ. Kí a má bàa dàrú, ẹ jẹ́ kí a pe ti ẹ̀jẹ̀ ní iṣan ẹ̀jẹ̀, kí a sì pe ti ìròyìn ní iṣan ìmọ̀lára. Iṣan ìmọ̀lára ni ó ń sọ fún wa pé omi gbóná, pé òkúta wà nínú bàtà, pé èékánná wọ inú ẹran. Ó dà bí wáyà tẹlifóònù.

Ṣúgà tí ó bá pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀ fún ọdún púpọ̀ ń ba iṣan ìmọ̀lára náà jẹ́, ó sì tún ń ba àwọn iṣan ẹ̀jẹ̀ wẹ́wẹ́ tí ń bọ́ ọ jẹ́. Iṣan tí ó gùn jù lọ ni ó kọ́kọ́ ń jìyà. Èyí tí ó ti ìsàlẹ̀ ẹ̀yìn lọ sí àtàǹpàkò ẹsẹ̀ gùn tó yáàdì kan, ti ẹlòmíràn tilẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ̀yin tí ẹ ń ra ọjà láti Èkó mọ̀ ọ́n: ẹrù tí ọ̀nà rẹ̀ jìn jù ni ó ń rí ewu jù. Ìdí nìyí tí ó fi ń bẹ̀rẹ̀ láti ọmọ ìka ẹsẹ̀ méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà, tí ó sì ń gòkè díẹ̀díẹ̀ bí ìbọ̀sẹ̀. Nígbà tí ó bá ń súnmọ́ orúnkún, orí ìka ọwọ́ a bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀.

Wáyà tí ara rẹ̀ ti bó kì í gbé ìròyìn tòótọ́. A máa kígbe "iná!" níbi tí iná kò sí. Bí ó ti rí fún Bàbá nìyí ní òru. Ìrora náà kì í ṣe irọ́, kì í sì í ṣe ọ̀lẹ. Wáyà náà ni ó ti ṣá. Bí ṣúgà kò bá sì wálẹ̀, ó lè di ọjọ́ kan tí wáyà náà yóò já pátápátá. Nígbà náà, bí iná tòótọ́ bá dé, kò sí ẹni tí yóò kígbe.

Nínú àwọn tí ó ti pẹ́ lẹ́nu àtọ̀gbẹ, ó tó ìdajì tí ìbàjẹ́ iṣan yìí ń bá. Púpọ̀ nínú wọn kì í sì í ní ìrora kankan rárá láti ìbẹ̀rẹ̀; ẹsẹ̀ wọn kàn ń kú díẹ̀díẹ̀ ni. Nítorí náà, kí ẹni tí ó ní ṣúgà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò dùn ún má ṣe kọjú ẹ̀kọ́ yìí sí ẹlòmíràn.

ÀYẸ̀WÒ TÍ A LÈ ṢE NÍ ILÉ

Ìdákẹ́jẹ́ méjì ni ó wà. Ọ̀kan ni ti ẹsẹ̀ tí ara tù, tí ó sì tún mọ̀ bí a bá fọwọ́ kàn án. Èkejì ni ti ẹsẹ̀ tí kò mọ nǹkan mọ́. Ní ilé ìwòsàn, dókítà a máa fi okùn rọ́bà kan tí ó dà bí okùn ìpẹja kan àtẹ́lẹsẹ̀. Okùn náà a tẹ̀ nígbà tí agbára tí a fi tẹ̀ ẹ́ bá tó gíráàmù 10. Ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n lára, ẹsẹ̀ rẹ̀ wà nínú ewu.

Àyẹ̀wò kan tún wà tí kò gba irin iṣẹ́ kankan. Àwọn dókítà ní Ipswich ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n gbé e jáde ní ọdún 2011. Ẹ ṣe é báyìí. Kí aláìsàn dùbúlẹ̀, kí ó bọ́ bàtà àti ìbọ̀sẹ̀, kí ó di ojú rẹ̀. Kí ọkọ, tàbí ìyàwó, tàbí ọmọ, fi orí ìka ìfábẹ̀là kan orí ọmọ ìka ẹsẹ̀ rẹ̀, fẹ́ẹ́rẹ́, fún ìwọ̀n ìṣẹ́jú àáyá kan sí méjì. Kí ó má ṣe tẹ̀ ẹ́, kí ó má ṣe fi pa á, kí ó má sì ṣe kàn án lẹ́ẹ̀mejì. Kí ó bẹ̀rẹ̀ láti àtàǹpàkò ọ̀tún, lẹ́yìn náà ọmọ ìka tí ó kéré jù ní ọ̀tún. Kí ó ṣe bẹ́ẹ̀ ní òsì. Kí ó wá fi ìka àárín ọ̀tún àti ti òsì parí rẹ̀. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ mẹ́fà. Bí aláìsàn bá ti mọ̀ ọ́n, kí ó wí pé "ọ̀tún" tàbí "òsì." Ẹni tí kò bá mọ méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ nínú mẹ́fà, kí ó lọ rí dókítà nípa ẹsẹ̀ rẹ̀ láìpẹ́, kí ó sì máa tọ́jú ẹsẹ̀ náà bí ẹyin láti ọjọ́ náà lọ.

Bí a bá ti ṣe èyí fún Bàbá kí a tó mú ọrẹ ọpẹ́ wá, à bá ti mọ̀.

KÌ Í ṢE GBOGBO ẸSẸ̀ TÍ Ń JÓNI NI TI ṢÚGÀ

Ó yẹ kí a sọ èyí pẹ̀lú. Ọtí àmujù a máa ba iṣan ìmọ̀lára jẹ́. Ẹ̀tẹ̀ a máa pa á. Ní àwọn ọdún 1960, Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọ̀ṣúntókun ti Yunifásítì Ìbàdàn ṣe ìwádìí láàárín àwọn ará abúlé kan ní agbègbè Ẹ̀pẹ́, tí ẹsẹ̀ wọn kú, tí wọn kò lè rìn gún régé, tí ojú wọn sì ń ṣú. Oúnjẹ ẹ̀gẹ́ ni ó pọ̀ jù nínú ohun tí wọ́n ń jẹ, májèlé inú ẹ̀gẹ́ ni Ọ̀jọ̀gbọ́n náà sì fura sí. Àìtó fítámì B12 pẹ̀lú a máa ṣe bẹ́ẹ̀, ẹran, ẹja, ẹyin àti wàrà ni a sì ti ń rí i. Ẹ fi èyí sọ́kàn: oògùn ṣúgà tí a ń pè ní metformin, tí púpọ̀ nínú yín ń lò, lè dín B12 kù nínú ara bí a bá lò ó fún ọdún púpọ̀. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe tìtorí èyí dá a dúró o. Kí ó béèrè lọ́wọ́ dókítà rẹ̀ pé kí wọ́n yẹ B12 wò.

Nítorí náà, kí á tó fura sí aládùúgbò, kí á kọ́kọ́ yẹ ẹ̀jẹ̀ wò.

BÍ A TI LÈ BÁ A GBÉ

Lọ́nà kìn-ín-ní, kí a mú ṣúgà wálẹ̀, kí ó sì dúró sílẹ̀. Ní ọdún 1993 ni àwọn oníṣègùn ní Amẹ́ríkà àti Kánádà parí ìwádìí kan tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ ní 1983 lára ènìyàn 1,441 tí ń gún ínsúlínì. Àwọn tí wọ́n ṣọ́ ṣúgà wọn dáadáa bọ́ lọ́wọ́ ìbàjẹ́ iṣan ju àwọn yòókù lọ. Ó fi nǹkan bí ìdá 60 nínú ọgọ́rùn-ún dín kù. Fún irú àtọ̀gbẹ tí ó wọ́pọ̀ láàárín àwa àgbà, èrè náà kéré ju èyí, ṣùgbọ́n kò sí ọ̀nà mìíràn tí a lè fi ṣẹ́gun ìbàjẹ́ náà láti gbòǹgbò. Kí a dín òkìtì èbà, tùwó, iyán àti ìrẹsì kù, kí a fi ẹ̀fọ́, ẹ̀wà àti ẹja kún un. Kí a fi ọtí ẹlẹ́rìndòdò sílẹ̀. Kí a máa rìn. Kí ẹni tí ń mu sìgá jáwọ́. Ewúro korò ní tòótọ́, ṣùgbọ́n ohun kíkorò kì í fọ ohun dídùn kúrò nínú ẹ̀jẹ̀ bí a ti ń fọ abọ́. Kò lè rọ́pò oògùn. Kí ẹni tí ń lo oògùn ṣúgà má sì ṣe wọ ààwẹ̀ láìkọ́kọ́ bá dókítà sọ̀rọ̀, kí ṣúgà má bàa já wálẹ̀ lójijì, kí ó sì dákú.

Lọ́nà kejì, oògùn fún ìrora náà wà. Paracetamol kì í sábà ràn án, nítorí pé kì í ṣe ọgbẹ́ ni ó ń dunni, wáyà ni. Àwọn oògùn tí dókítà máa ń kọ ni amitriptyline, duloxetine, gabapentin tàbí pregabalin. Bí o bá ka ìwé inú páálí rẹ̀ tí o rí i pé wọ́n ń lo òmíràn fún ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn, tí wọ́n ń lo òmíràn fún wárápá, má ṣe rò pé dókítà pè ọ́ ní wèrè. Àwọn oògùn náà a máa mú kí iṣan tí ń pariwo lásán rọ ohùn. A ń bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní díẹ̀, a sì ń fi sùúrù dúró fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Òmíràn a máa mú oorun wá, òmíràn a máa mú òòyì wá, nítorí náà kí awakọ̀ ṣọ́ra. Ìpara kan tún wà tí a fi ohun tí ń mú ata ta ṣe. Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má ṣe lọ ata kí ó fi pa ẹsẹ̀!

Oògùn kì í mú gbogbo ìrora náà lọ. Ẹni tí ìrora rẹ̀ dín kù sí ìdajì, tí ó sì ń rí oorun sùn, oògùn rẹ̀ ti ṣiṣẹ́. Ẹ má ṣe ra tramadol lọ́wọ́ àwọn tí ń kiri oògùn. Ó ń di bárakú, ó sì ti ba ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ jẹ́ ní ìlú yìí. Ẹ má ṣe sọ diclofenac tàbí ibuprofen di oúnjẹ ojoojúmọ́, nítorí kíndìnrín ẹni tí ó ní ṣúgà kò lè gbà á.

Lọ́nà kẹta, ní òru, ẹ fi àpótí kékeré gbé aṣọ ìbora sókè ní apá ẹsẹ̀ ibùsùn kí ó má bàa kàn án. Ìbọ̀sẹ̀ òwú tí kò fún ara dára. Omi tútù díẹ̀ dára, yìnyín kò dára.

ÌTỌ́JÚ ẸSẸ̀ NÍ ÒKÈ ỌYA

Ilẹ̀ tí a wà yìí ní ìwà tirẹ̀, ó yẹ kí a mọ̀ ọ́n.

1. Ní àkókò ọyẹ́, kí ẹni tí ó ní ṣúgà má ṣe na ẹsẹ̀ sí iná. Kí ó wọ ìbọ̀sẹ̀. Kí ó fi ìgbọ̀nwọ́ wo omi ìwẹ̀, tàbí kí ó ní kí ẹlòmíràn wò ó, kí ó tó ti ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́.

2. Ọyẹ́ a máa la gìgísẹ̀, ojú ibi tí ó là sì ni àrùn ń gbà wọlé. Kí a fi òrí pa gìgísẹ̀ àti àtẹ́lẹsẹ̀ lálẹ́. Kí a má ṣe fi sí àárín ọmọ ìka. Ibẹ̀ ni kí a máa nù kí ó gbẹ.

3. Kí a má ṣe rìn láìwọ bàtà, ì báà ṣe nínú ilé tàbí lórí iyanrìn ọ̀sán gangan. Kí a gbọn bàtà wò kí a tó wọ̀ ọ́. Ìṣó kan lè wà níbẹ̀ láti àárọ̀ di alẹ́ tí ẹsẹ̀ kò sì ní sọ̀rọ̀. Kí a ra bàtà ní ìrọ̀lẹ́, nítorí ẹsẹ̀ a máa wú díẹ̀ nígbà náà.

4. Kí a má ṣe na ẹsẹ̀ fún àwọn tí ń fi sísọ́ọ̀sì pa kẹ́kẹ́ kiri àdúgbò láti gé èékánná. Kí a má ṣe fi bíléèdì há awọ tí ó le lábẹ́ ẹsẹ̀. Nọ́ọ̀sì ni kí ó bá wa ṣe é.

5. Kí a yẹ ẹsẹ̀ wò lálaalẹ́ nínú ìmọ́lẹ̀, lókè, nísàlẹ̀ àti láàárín ọmọ ìka. Ẹni tí kò lè tẹ̀ ba, kí ó gbé dígí sílẹ̀, tàbí kí ó pe ọmọ rẹ̀. Bí a bá rí egbò, ibi tí ó dúdú, ibi tí ó rùn, tàbí bí ẹsẹ̀ kan bá wú tí ó sì gbóná ju èkejì lọ, bí kò tilẹ̀ dunni rárá, ilé ìwòsàn ní ọjọ́ náà gan-an. Kí a má ṣe dúró de ọjọ́ Mọ́ńdè.

6. Ẹsẹ̀ tí kò mọ ilẹ̀ a máa gbé ènìyàn ṣubú nínú òkùnkùn. Kí tọ́ọ̀ṣì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn. Ẹni tí ń wakọ̀ tí kò mọ ìgbà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ wà lórí bíréèkì, kí ó jẹ́ kí ẹlòmíràn máa wà á.

OJÚṢE ILÉ ÀTI ÌJỌ

Ìrora yìí kò ní egbò tí a lè fi han ènìyàn. Ẹsẹ̀ náà ń dán, ó mọ́, kò wú. Ìdí nìyí tí àwọn ará ilé fi ń sọ pé àsọdùn ni, tí ọ̀gá ọ́fíìsì fi ń sọ pé ọ̀lẹ ni. Ẹni tí kò sùn fún òru mẹ́ta a máa kanra. Kì í ṣe ìwà rẹ̀, àìsùn ni. Ẹ má ṣe bá a jà. Ẹ bá a yẹ ẹsẹ̀ rẹ̀ wò.

Àwa tí a wà ní àjò, aládùúgbò wa ni ìbátan wa. Ọdún méjì tí Bàbá àti aládùúgbò wọn fi bá ara wọn ṣe kèéta kò lè padà mọ́, bẹ́ẹ̀ ni ọmọ ìka méjì náà. Ṣùgbọ́n Bàbá ń lo oògùn wọn nísinsìnyí, ṣúgà wọn ti ń wálẹ̀, egbò náà ti san. Aládùúgbò wọn náà sì lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ tirẹ̀ wò. Ó ní ṣúgà, kò sì mọ̀ tẹ́lẹ̀.

Ní ti ìwé ọpẹ́ tí ó wà lọ́wọ́ mi, n kò ní yọ ohun tí mo kọ síbẹ̀. Ṣùgbọ́n láti ìsinsìnyí lọ, bí ẹnikẹ́ni bá mú ọpẹ́ wá fún ìrora tí ó lọ, èmi yóò fi ayọ̀ kọ ọ́, èmi yóò sì béèrè pé, "Ṣé ẹ ti yẹ ẹ̀jẹ̀ yín wò?" Ẹ má ṣe bínú sí mi.

ÌBÉÈRÈ FÚN ÌJÍRÒRÒ

1. Kí ni ìyàtọ̀ láàárín ẹsẹ̀ tí ara tù àti ẹsẹ̀ tí kò mọ nǹkan mọ́? Báwo ni a ṣe lè mọ̀ ọ́n?

2. Èéṣe tí àrùn iṣan yìí fi ń bẹ̀rẹ̀ láti ọmọ ìka ẹsẹ̀?

3. Ta ni nínú ilé rẹ tí ó ní ṣúgà? Nígbà wo ni ẹnikẹ́ni wo àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ kẹ́yìn?

4. Àwọn ìwà wo ni a ń hù nígbà ọyẹ́ tí ó lè pa irú ẹni bẹ́ẹ̀ lára?

5. Ǹjẹ́ ẹnì kan wà tí o kò kí nítorí àìsàn tí o kò tí ì yẹ̀ wò?

Kí gbogbo wa ṣe àyẹ̀wò ìka mẹ́fà náà ní ilé kí ìpàdé tí ń bọ̀ tó dé. Kí ẹni tí kò bá mọ méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ má ṣe dúró de ìpàdé náà. Dókítà ni kí ó kọ́kọ́ lọ rí.

Èmi ni tiyín nínú iṣẹ́ ìsìn,
Akọ̀wé Ìjọ.